Ọfà Kan Ṣoṣo: Kí Ló Yẹ Kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì Mọ̀?

Wọ́n ní ẹyẹ ńlá kan tí àwọn Ìyàmi rán wá bà sórí òrùlé ààfin ọba Ifẹ̀ lọ́jọ́ ọdún iṣu. Ọdẹ tó ní ogún ọfà ta gbogbo rẹ̀ tán, kò bá a. Ẹni tó ní ogójì kùnà, ẹni tó ní àádọ́ta náà kùnà. Ó wá ku Ọ̀ṣọ́tokanṣoṣo, ọdẹ tí kò ní ju ẹyọ ọfà kan lọ. Ìyá rẹ̀ rúbọ, àyà ẹyẹ ṣí sílẹ̀, ọfà wọlé. Òun la wá mọ̀ sí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì.

Ìtàn ni o, mo mọ̀. Àmọ́ kí ló yẹ kí ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo mọ̀ kó tó ta á?

Àkọ́kọ́, ọrun. Tó o bá fa okùn rẹ̀, igi á tẹ̀, agbára apá rẹ á sì kó sínú igi yẹn. Tó o bá jọ̀wọ́ okùn, igi á nà padà, á gbé agbára náà fún ọfà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ọfà fi ń yára ju ọ̀kọ̀ tá a fi ọwọ́ jù lọ.

Èkejì, ilẹ̀ ń fa ọfà. Ká ní ó ń sáré mítà 45 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹyẹ sì wà ní mítà 45 sí ọ. Kó tó débẹ̀, á ti já wálẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 5! Òkè ẹyẹ ló yẹ kó o dojú ọfà kọ.

Níbí ní Òde Ugbò, lórí omi Ìlàjẹ, òdìkejì rẹ̀ la ní. Ìmọ́lẹ̀ máa ń yà tó bá ń ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹja tó wà ní mítà kan nísàlẹ̀, tó o bá wò ó láti òkè, á dà bíi pé kò ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ. Tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó tún tan ojú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀kọ̀ gún un, abẹ́ ibi tó ti rí ẹja ni kó gún.

Òkè ẹyẹ, abẹ́ ẹja: ibi tí ojú rí kọ́ ni ibi tá a máa ta sí.

Ẹni tó ní àádọ́ta ọfà lè wo ibi tí àkọ́kọ́ bọ́ sí, kó fi tún èkejì ṣe. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò láǹfààní yẹn. Inú oko ọdẹ ló ti gbọ́dọ̀ tàsé tó, kó tó dé ààfin.

Àwọn ará Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà yìí dé Brazil. Oxóssi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọba Kétu ni wọ́n kà á sí, ọrun àti ọfà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.