Gapminder àti Àkójọ Iye Ìdàgbàsókè Àgbáyé
Ọdún 2005 ni Hans Rosling, oníṣègùn ará Swídìn, ọmọ rẹ̀ Ola, àti Anna, aya Ola, dá Gapminder sílẹ̀ ní Stockholm. Lórí ìkànnì yìí, òbìrìkìtì kọ̀ọ̀kan dúró fún orílẹ̀-èdè kan. Bí èrò ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe tóbi tó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó tí ń wọlé a máa tì í sápá ọ̀tún, ẹ̀mí gígùn a sì máa gbé e sókè. Google ra ètò kọ̀ǹpútà náà ní 2007.

Ṣùgbọ́n níbo ni iye wọ̀nyí ti ń wá? Títà ni Báńkì Àgbáyé ń ta púpọ̀ nínú àkójọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ará ìlú ni wọ́n fi kó o jọ! Rosling kò yéé pariwo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Báńkì náà ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, iye tí mínísítà ń rí ni olùkọ́ náà ń rí.