Ta Ló Gbé Ọ̀rọ̀ Omi Iyọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Yín?

Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, la wà lónìí. Ṣé ẹ rántí omi iyọ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014? Ebola ti wọ Èkó láti ọjọ́ 20 oṣù keje. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn: ẹ mu omi iyọ̀, ẹ fi wẹ̀, Ebola ò ní mú yín. Irọ́ gbáà! Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán, èèyàn 2 ló kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu ún.

Báwo ló ṣe yára tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi grúùpù wé agboolé. Nínú agboolé kan, ohun kan náà ni gbogbo yín ń gbọ́. Ẹni tó bá wà ní agboolé méjì ni afárá tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Mark Granovetter ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1973: ojúlùmọ̀ lásán ló sábà ń gbé ìròyìn tuntun wá, ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ.

WhatsApp náà mọ̀ ọ́n. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ọfà méjì lórí, ibì kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní grúùpù ẹbí àti ti ibi iṣẹ́, ẹ̀yin ni afárá. Kẹ́ ẹ tó tẹ forward, ẹ bèèrè: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Bí ìdáhùn ò bá sí, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín.