Ọtí Tó Ń Gbó àti Ọtí Tí Kì Í Dúró Dọ̀la

Ẹ wọ pálọ̀ mélòó kan ní Ṣàngó níbí, ẹ ó rí ìgò wáìnì pupa kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹnì kan ló fi ta onílé lọ́rẹ, onílé sì ń tọ́jú rẹ̀, ó gbà pé tó bá pé ọdún mẹ́wàá yóò dùn ju báyìí lọ. Àwọn kan ti bi mí bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ìyẹn ló wù mí jù: kí ló dé tí wáìnì fi ń gbó, tí ẹmu tiwa kò fi lè dúró dọ̀la?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Valtellina, àfonífojì kan ní àríwá Ítálì, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Alps. Òkè ibẹ̀ ga ṣánṣán débi pé àwọn ìdílé tó ń gbin àjàrà níbẹ̀ fi òkúta mọ ògiri láìlo sìmẹ́ǹtì, ìpele lórí ìpele, kí erùpẹ̀ má bàa wọ́ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso. Nebbiolo ni àjàrà náà, Chiavennasca ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Òfin Ítálì sọ pé èyí tí wọ́n bá máa pè ní Valtellina Superiore gbọ́dọ̀ lo oṣù 24 kó tó dé ọjà. Riserva gbọ́dọ̀ lo oṣù 36. Oríṣi kan tún wà, Sforzato, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ èso rẹ̀ títí omi inú rẹ̀ á fi dín kù, kí wọ́n tó fún un. Álíkọ́họ́ọ̀lù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló mú ọtí yìí dára o. Ohun tó wà nínú èso yẹn ló jẹ́ kó lè fara da ọjọ́ orí. Èèpo àti kóró àjàrà ní ohun kan tí à ń pè ní tánńìnì. Ẹni tó bá jẹ obì mọ bó ṣe ń ṣe ẹnu: á mú un gbẹ, á fa ahọ́n pọ̀. Bí wáìnì náà bá ṣì kéré, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń fa ẹnu. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, tánńìnì á máa so mọ́ra wọn, wọ́n á so mọ́ àwọ̀ ọtí náà, díẹ̀ nínú wọn á sì rì sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹnu ọtí á wá rọ̀. Òtútù òru orí òkè náà kì í jẹ́ kí kíkan inú èso tètè lọ, kíkan yẹn àti álíkọ́họ́ọ̀lù ni kì í jẹ́ kí bakitéríà ráyè. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù, bíi dígírì 12 tàbí 13, ni wọ́n sì ń tọ́jú ìgò sí.

Ẹ wá wo ìgò orí kọ́bọ́ọ̀dù Ṣàngó: ooru dígírì 30, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ìgò tó wà lóòró tí kọ́ọ̀kì rẹ̀ ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì tó wà lọ́jà láyé ni wọ́n ṣe kí a lè tètè mu ún. Ẹ ṣí i, ẹ mu ún, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹmu ńkọ́? Omi ọ̀pẹ tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ṣúgà bíi 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kíkan kankan, kò sí ní tánńìnì tó lè gbà á sílẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù nínú akèǹgbè kún fún ìwúkàrà, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì wú. Nítorí náà, ọtí ti ń ṣiṣẹ́ kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀. Láàárín wákàtí 24, álíkọ́họ́ọ̀lù rẹ̀ lè tó bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bakitéríà ń bá ìwúkàrà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kíkan ń gòkè, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń di fínígà. Olumbe Bassir, onímọ̀ bayokẹ́mísìrì ní Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí, tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹmu ṣe ń kan ní 1962.

Wọ́n ti gbìyànjú láti dá a dúró. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹmu inú ìgò: wọ́n á fi ooru pa ìwúkàrà àti bakitéríà, wọ́n á dé e pa. Ó ń pẹ́ nílẹ̀ lóòótọ́. Lójú tèmi, ọtí tó ti kú ni. Hó tó ń hó yẹn ni adùn ẹmu.

Ohun tó ń dùn mí ni owó. Ìdílé Valtellina ń gba owó sùúrù wọn, torí ìgò náà sọ orúkọ wọn, orúkọ òkè wọn àti ọdún. Adẹ́mu tiwa ń fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ lórí okùn, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wákàtí ni ẹmu fi ń ka ọjọ́ orí, bí wáìnì ṣe ń fi ọdún ka tiẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó béèrè wákàtí, kí ló máa ṣe ẹni tó ń bu omi àti sákárìn sí ẹmu àná? Àwọn ọmọ adẹ́mu ń wo gbogbo èyí, wọ́n sì ń lọ gun ọ̀kadà. Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola tẹ̀ jáde ní 1952, ọ̀mùtí náà ní igi ọ̀pẹ 560,000. Ọjọ́ tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ tó kú, kò rí ẹmu gidi mu mọ́.

Tí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu, ẹ bi wọ́n pé ta ló dá a, àti ìgbà wo. Ẹ gbé etí sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Èyí tó ṣì wà láàyè á máa hó. Tí ẹ bá ń gbé e lọ sílé, ẹ má dé e pinpin, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ́ kẹ́ẹ̀gì sínú mọ́tò.