Báàjì Ológun Ilẹ̀ Ọsirélíà: Ẹni Tí Kò Lè Kà Á Kò Tíì Ni Ín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹni tó ń kó báàjì ológun jọ kàn fẹ́ràn idẹ tó ń dán ni, tàbí pé ogun jíjà ló wù ú. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹ̀rí ni báàjì jẹ́ kó tó di ọjà, ẹni tó bá sì rà á láì lè kà á kò tíì ni ín, bó ti wù kí owó tó san pọ̀ tó. Iṣẹ́ ẹni tó ń kó o jọ ni láti mọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lò ó, ìgbà tí wọ́n lò ó, àti, bó bá ṣeé ṣe, ẹni tó fi í sára aṣọ. Báàjì ilẹ̀ Ọsirélíà dára láti fi ṣàlàyé èyí, nítorí àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi ìtumọ̀ sínú ohun gbogbo: ọ̀rọ̀, adé, àwọ̀, títí kan bí wọ́n ṣe gé aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ayé mọ̀ jù, báàjì Rising Sun, oòrùn tó ń yọ, tí wọ́n ń fi sára akẹtẹ̀ ológun níbi tí wọ́n ti ká etí rẹ̀ sókè lápá òsì. Ọdún 1902 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ń lọ jà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1904 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kọ “Australian Commonwealth Military Forces” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1949 ọ̀rọ̀ náà di “Australian Military Forces”, ní 1969 ó di “Australia”, ní 1991 ó di “The Australian Army”. Adé tó wà láàárín náà ń sọ tirẹ̀. Títí di 1952 tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì gorí oyè, orí adé náà yọ róbótó sókè; adé tí Ọbabìnrin yìí yàn tẹ̀ wọnú ní àárín. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Irú ti 1904 ni wọ́n fi ja ogun àgbáyé méjèèjì, nítorí náà ojú rẹ̀ nìkan kò lè sọ ogun tó bá lọ. A ní láti yí i padà, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá orúkọ ẹni tó rọ ọ́ wà níbẹ̀, bíi Stokes ti Melbourne tàbí J.R. Gaunt ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ká sì wo irú irin tí wọ́n jó mọ́ ọn fún síso.

Àmì tó jinlẹ̀ jù lọ kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lára. Aṣọ kékeré aláwọ̀ méjì ni, tí wọ́n rán mọ́ apá ẹ̀wù lókè, nítòsí èjìká. Oṣù Kẹta ọdún 1915 ni ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Íjíbítì, kí àwọn ọmọ ogun náà tó lọ jà ní Gallipoli, ní ilẹ̀ Tọ́kì, nínú ogun àgbáyé kìíní. Bí wọ́n ṣe gé e ló ń sọ dífíṣọ̀n, ìyẹn ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá: ti Kìíní jẹ́ onígun mẹ́rin tó gùn níbùú, ti Kejì jẹ́ dáyámọ́ńdì, ti Kẹrin jẹ́ róbótó. Àwọ̀ ìsàlẹ̀ ń sọ bìrìgéèdì tó wà lábẹ́ dífíṣọ̀n, àwọ̀ òkè ń sọ bàtálíọ̀n tó wà lábẹ́ bìrìgéèdì. Bàtálíọ̀n 11, tí wọ́n kó jọ ní Western Australia, tó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Gallipoli, ní búráùn lórí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1916, nígbà tí wọ́n ń fi kún àwọn ọmọ ogun, wọ́n pín bàtálíọ̀n yìí, wọ́n sì fi àwọn kan nínú wọn dá bàtálíọ̀n 51 sílẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni ẹgbẹ́ tuntun yìí gbà, àmọ́ róbótó ni wọ́n gé tiwọn, torí dífíṣọ̀n Kẹrin ni wọ́n lọ. Ẹni tó bá rí àwọ̀ méjì yìí nínú róbótó ti rí ọmọ, ó sì ti mọ bàbá. Láti 1917, wọ́n gba ẹni tó bá dé Gallipoli láyè láti fi lẹ́tà A oníde kékeré sí àárín aṣọ náà. Báàjì àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ tún sún mọ́ ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ńbà wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá sì ṣì wà, ó lè gbé wa dé orúkọ.

Àwọn kan á ní gbígbé ogun lárugẹ ni gbogbo èyí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, ó yẹ ká máa ríran. Ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta ọmọ Ọsirélíà tó kú nínú ogun àgbáyé kìíní, iye tó pọ̀ débi pé ojú kì í rí ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mọ́. Báàjì tí a kà yé wa ń yọ ẹnì kan kúrò láàárín èrò yẹn. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ẹbí tàbí ilé àkójọ bíi Australian War Memorial ní Canberra ló yẹ kó wà. Òótọ́ wà níbẹ̀: bí a bá mọ ẹbí, ó tọ́ ká jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà ló ń jẹ́ ká mọ̀ wọ́n. Àwọn tó sọ pé ayédèrú ti pọ̀ jù kò parọ́, nítorí a lè fi irin ìtẹ̀ àtijọ́ rọ báàjì tuntun. Síbẹ̀, bí adé Elizabeth bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ 1904, ẹni tó mọ̀wé báàjì ti mú olè náà.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá rí irú báàjì bẹ́ẹ̀ má fi búráṣì àti ọṣẹ idẹ pàdé rẹ̀. Wọ́n kun ọ̀pọ̀ báàjì ogun ní dúdú kó má baà máa dán, ẹni tó bá bó àwọ̀ yẹn dànù ti pa ẹ̀rí run. Kó kọ ibi tó ti rí i àti ọwọ́ ẹni tó ti gbà á sílẹ̀, kó má ya báàjì kúrò lára ìwé tàbí fọ́tò tó bá a wá. Idẹ náà yóò ṣì jẹ́ idẹ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.