Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Tajà Kí Èrè Lè Kù: Àpẹẹrẹ Ọjà Àlàbá

Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ni Ọjà Àlàbá wà. Láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣòwò ti ń kó ohun-èlò iná mànàmáná jọ síbẹ̀: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fáànù, fíríìjì, àti nísisìyí, sólà àti bátìrì rẹ̀. Nígbà náà, alájàpá tí ó bá ti Ìsẹ́yìn wá rajà níbẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lónìí, ó lè wo ọjà náà lórí fóònù rẹ̀ nílé.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2018 ni WhatsApp gbé ẹ̀yà tí ó wà fún oníṣòwò jáde. A kì í sanwó kí a tó gbà á, àfi owó dátà. Ọlọ́jà lè to àwòrán ọjà rẹ̀ sí i, kí ó sì kọ iye owó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá fi sí status yóò parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí kò fi nọ́ńbà ọlọ́jà pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kì yóò rí status náà, bí ó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó. Nítorí náà, kí oníbàárà tó kúrò ní ìsọ̀ ni kí àwọn méjèèjì ti fi nọ́ńbà ara wọn pamọ́. Kí a sì kọ ọjọ́ sí iye owó, nítorí pé bí owó dọ́là bá ti yí, owó ọjà òkèèrè a máa yí tẹ̀lé e.

Níbi ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ká ní a ra fáànù kan ní N30,000, a sì tà á ní N36,000. Ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò ní òun jèrè N6,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá san N3,500 fún awakọ̀ tí ó gbé e lọ, tí ó sì ná N500 sórí páálí àti dátà, N2,000 péré ni ó kù. Bí fáànù kan bá fọ́ lójú ọ̀nà, tí ó sì dá gbogbo owó oníbàárà padà, N34,000 ni ó sọnù: èrè fáànù mẹ́tàdínlógún! Owó dídì tí ó dára kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ni a ti ń kọ ọ́ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ń dáàbò bo oníbàárà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ra ọjà tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á lè dá a padà láìpẹ́, kí ó sì gba owó rẹ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ ń bẹ nílé, wọ́n sì ń bẹ lóko. Wọ́n a máa fi ayédèrú alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ bí ẹni pé owó ti wọ báńkì. Kí ọlọ́jà má ṣe gbé ẹrù jáde títí yóò fi wo àkáǹtì ara rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ̀ fún wọn. Bí ó bá kà á, WhatsApp rẹ̀ di tiwọn, wọn yóò sì máa fi orúkọ rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ó tún forúkọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó jí i yóò di ẹni tí a tì sóde. Lẹ́yìn náà, kí ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.