Ìpáàrà Tó Di Májèlé Mú: Bí Ásẹ́níìkì Ṣe Ń Bọ́ Sínú Omi Kànga

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí tó jáde láti Araihazar, ní ilẹ̀ Bangladesh, pé lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ àwọn ará ibẹ̀, àwọn tí ásẹ́níìkì, májèlé tó wà nínú omi kànga wọn, lọ sílẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn, ewu kí àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ pa wọ́n dín kù, àní títí dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló gbà pé ilé iṣẹ́ kan tàbí ọ̀tá kan ló da májèlé sínú kànga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, tí àwọn baba wa ń kì ní alápò ìkà. Ó ti pẹ́ tí májèlé ti wà nínú àpò náà, ohun tó yẹ ká wádìí ni ohun tó tú okùn ẹnu rẹ̀.

Láti orí òkè Himalaya ni odò Ganges àti Brahmaputra ti ń wọ́ iyanrìn àti ẹrẹ̀ bọ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bengal. Bí òkúta ti ń rún lójú ọ̀nà, irin inú rẹ̀ a dógùn-ún, ìpáàrà náà a bo hóró iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ásẹ́níìkì a sì lẹ̀ mọ́ ìpáàrà yìí bí ẹ̀mọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àgbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, kì í tú. Ṣùgbọ́n odò a máa sin ewé àti igi jíjẹrà pọ̀ mọ́ iyanrìn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nísàlẹ̀ a máa jẹ ẹ́, wọn a lo ọ́síjìn tán, nígbà tí kò bá sì sí mọ́, ìpáàrà irin ni wọn a máa mí dípò rẹ̀. Irin náà a yọ́ sínú omi, ásẹ́níìkì tó dì mọ́ ọn a sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí àwọn agbẹ́kànga ní Matlab, ní Bangladesh, fi ń wo àwọ̀ iyanrìn tó bá gòkè wá: èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ṣì di májèlé rẹ̀ mú, èyí tó ní àwọ̀ eérú ni kí a fura sí.

Omi kò lọ́tàá, ni a máa ń wí. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba Bangladesh àti UNICEF ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí àwọn ọmọdé lè bọ́ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru tó ń ti inú adágún wá. Nígbà tó di 1993, àṣírí tú pé májèlé tí kò ní àwọ̀, òórùn tàbí adùn wà nínú omi tuntun náà. Máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan ni ìwọ̀n ásẹ́níìkì tó pọ̀ jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀, kànga méjì tó sún mọ́ra sì lè yàtọ̀ pátápátá.

Iyanrìn ayébáyé tó jìn nílẹ̀, tí ásẹ́níìkì kì í sábà pọ̀ nínú omi rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wá sá lọ bá. Ṣùgbọ́n ní Van Phuc, lẹ́bàá Hanoi ní Vietnam, omi tí ìlú ńlá náà ń fà ti wọ́ ásẹ́níìkì ju mítà 120 lọ wọ inú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ rìn tó ìlọ́po 16 sí 20 ìyẹn, nítorí iyanrìn ń gbá májèlé mú lójú ọ̀nà. Ó fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lójú tèmi, bí ẹ̀rí kò tilẹ̀ tíì kún lórí iye ọdún tí iyanrìn jíjìn lè fi dúró, ó yẹ kí a fi kànga jíjìn sílẹ̀ fún omi mímu nìkan, kí a má fi bomi rin oko, kí a sì máa tún àwọn kànga tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé láti fi hàn pé omi wọn kò léwu yẹ̀ wò, nítorí pé ohun tí wọ́n yẹ̀ wò lánàá ni ọ̀dà náà ń jẹ́rìí sí, omi òní sì ni àwọn ènìyàn ń mu.