Òpin ayé: Ohun tí Bíbélì wí, àti ohun tí àwọn ènìyàn ń fi kún un

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju àdó olóró sáàárín àwọn tó wá jọ́sìn. Ó kéré tán, ogójì ènìyàn ló kú, tọmọdé tàgbà. Lọ́jọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ló gba ẹnu àwọn onígbàgbọ́ kan, lọ́jà, nínú ọkọ̀ èrò àti lẹ́yìn ìsìn: ayé ti dé òpin.

Oṣù náà kò tí ì yí po tí òmíràn fi tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kéje, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde láti inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní ilé ìjọsìn kan ní àdúgbò Valentino, nílùú Oǹdó. Ọmọdé 26 wà nínú wọn, ọ̀dọ́ 8 àti àgbàlagbà 43. Ìgbàsókè ni wọ́n ń dúró dè. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ọlọ́pàá ṣe nígbà náà, wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé oṣù kẹrin ọdún náà ni Olúwa yóò dé. Nígbà tí oṣù kẹrin kọjá, wọ́n ní ọjọ́ ti yí padà, ó di oṣù kẹsàn-án. Ìyá kan tó ń wá àwọn ọmọ rẹ̀ ló mú kí àṣírí ọ̀rọ̀ náà tú.

Ẹ̀rù ló so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ti Ọ̀wọ̀ jẹ́ ibi tí kò sí ẹni tó lè sẹ́. Ti Oǹdó sì ni ohun tí ìbẹ̀rù irú ibi bẹ́ẹ̀ lè sọ ènìyàn dà nígbà tí ẹnìkan bá wá fi ọjọ́ sí i. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo ohun tí Ìwé Mímọ́ wí gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí a sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àfikún àwọn ènìyàn.

Orí kẹrìnlélógún ìwé Mátíù ni àwọn oníwàásù ń kà jù. Orí Òkè Ólífì ni Jésù jókòó sí nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ló fà á. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń wo ẹwà ilé náà, Jésù sì sọ fún wọn pé a óò wó o palẹ̀ pátápátá. Wọ́n wá bi í pé ìgbà wo ni, àti pé kí ni yóò jẹ́ àmì wíwá rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn méjèèjì sì wọnú ara wọn. Ní ọdún 70, àwọn ọmọ ogun Róòmù, tí Titus ṣáájú fún, wó tẹ́ńpìlì náà lulẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 1,900, nígbà náà, tí apá kan àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ti ṣẹ. Ẹni tó bá ń kà á bí ẹni pé ìwé ìròyìn àná ni kò kà á dáadáa.

Àwọn àmì tí Jésù kà sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ogun àti ìró ogun, ìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn, ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn wòlíì èké, àti ìfẹ́ tí yóò tutù lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà láàárín wọn tí ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń fò kọjá. Lẹ́yìn tí Jésù mẹ́nu kan ogun, ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe jáyà, nítorí pé òpin kò tí ì dé. Ó fi gbogbo rẹ̀ wé ìbẹ̀rẹ̀ ìrora obìnrin tó ń rọbí. Àwọn ìyá mọ ohun tí àfiwé yìí túmọ̀ sí ju àwọn ọkùnrin tó ń fi wàásù lọ. Ìrora ìrọbí máa ń dé, á rọlẹ̀, á tún padà dé pẹ̀lú agbára. Agbẹ̀bí lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìṣẹ́jú tí ọmọ yóò ké.

Ìwé kejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì, orí kẹta, ni ibi kejì tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Níbẹ̀ ni ó ti to ìwà àwọn ènìyàn ìkẹyìn ọjọ́ lẹ́sẹẹsẹ: ìfẹ́ ara ẹni, ìfẹ́ owó, ìgbéraga, àìgbọ́ràn sí òbí, àìmoore, ìwà òǹrorò. Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí àkọsílẹ̀ náà bá mu, ó sì máa ń jẹ́ aládùúgbò wọn. Ohun méjì ló yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí níbẹ̀. Èkíní ni pé Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì kí ó yẹra fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti wà láyé nígbà ayé Tímótì fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tó gbé ìrísí ìwà-bí-Ọlọ́run wọ̀ bí aṣọ, tí agbára rẹ̀ kò sí nínú wọn, wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ó ń bá wí, kì í ṣe ilé ọtí nìkan.

Àwọn onímọ̀ Bíbélì tún máa ń tọ́ka sí orí kejì ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì àkọ́kọ́, Pétérù dìde, ó sì ṣàlàyé pé ohun tí wòlíì Jóẹ́lì sọ nípa ìkẹyìn ọjọ́ ló ń ṣẹ lójú wọn yẹn. Nínú ẹ̀kọ́ àwọn àpọ́sítélì, nígbà náà, ìkẹyìn ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Jésù jíǹde tó sì gòkè re ọ̀run. Gbogbo ìran Kristẹni ló ti ń gbé nínú rẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kó yani lẹ́nu pé ìran kọ̀ọ̀kan rò pé tàwọn ni ìkẹyìn. Póòpù Gregory Kìíní rò bẹ́ẹ̀ ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, nígbà tí ogun àwọn Lombard àti àjàkálẹ̀ àrùn ń da Ítálì láàmú. Martin Luther náà rò bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ibi ń pọ̀ sí i? Kò rọrùn láti fi òṣùwọ̀n wọn ìbànújẹ́. Ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ẹ̀rọ alágbèéká tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa ń gbé òkú ibi gbogbo wá sínú yàrá wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò sí ìgbà tó burú tó báyìí rí nílẹ̀ Yorùbá, kí ó rántí ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí wọn kò fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ títí di ọdún 1886. Kí ó sì rántí ìlú Òṣoògùn.

Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú jó ìlú náà, wọ́n so àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ra bí ẹran, wọ́n sì kó wọn lọ. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àjàyí wà nínú wọn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Fún ọmọ yẹn, ayé ti parí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé tó sì ṣe ìrìbọmi. Ó di àlùfáà ní ọdún 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Samuel Àjàyí Crowther ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló síwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, nígbà tí ìbọn Kírìjì kò tí ì dákẹ́.

Ìdí tí ìtàn yìí fi kan ọ̀rọ̀ wa ni pé nínú Mátíù kan náà, Jésù sọ pé a óò wàásù ìyìn rere ìjọba náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè kí òpin tó dé. Àmì ni èyí náà, bí ogun ti jẹ́ àmì. Nínú òwe àlìkámà àti èpò, ó sọ pé kí a jẹ́ kí méjèèjì jọ dàgbà títí di ìgbà ìkórè. Ojú ìwòye Kristẹni, bí a bá gbà á lódindi, kì í ṣe pé ibi nìkan ló ń dàgbà. Àwọn tó ń ka ibi lójoojúmọ́ láìka rere mọ́ ọn ti fi ìdajì orí náà sílẹ̀.

Ní ti bí òpin yóò ṣe rí, ẹnu àwọn ìjọ kò kò. Àwọn kan ní Kristi yóò dé kí ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún inú ìwé Ìfihàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní lẹ́yìn rẹ̀ ni. Kátólíìkì àti ọ̀pọ̀ ìjọ àtijọ́ ní àfiwé ni ẹgbẹ̀rún ọdún yẹn. Ẹ̀kọ́ pé a óò kọ́kọ́ gba àwọn onígbàgbọ́ sókè ní ìkọ̀kọ̀, kí ìpọ́njú ńlá tó dé, kò tíì tó igba ọdún tó gbajúmọ̀. John Nelson Darby ló tàn án kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1830, Bíbélì alálàyé tí Scofield gbé jáde ní ọdún 1909 sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì wa gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Lórí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti fohùn ṣọ̀kan: kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tàbí wákàtí náà, àfi Baba nìkan.

Síbẹ̀, àwọn tó ń dá ọjọ́ kò tán. William Miller, àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣírò ìwé Dáníẹ́lì títí tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi dá ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1844. Àwọn kan kò kórè oko wọn. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni. Nígbà tí kò ṣẹ, ó sún un sí oṣù kẹwàá. Ní ọdún 2012, ó jẹ́wọ́ pé òun ṣàṣìṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, oníwàásù kan ní South Africa tún dá ọjọ́ tirẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì gbóná fún un káàkiri ayé. Bákan náà ni àmì ẹranko: ó ti jẹ́ káàdì báńkì rí, ó ti jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó sì di abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà àrùn Kòrónà.

Ká ní ìtìjú nìkan ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń fà ni, ẹ̀rín là bá fi gbè é. Ní Kanungu, ní orílẹ̀-èdè Uganda, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jóná nínú ilé ìjọsìn ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2000, lẹ́yìn tí ọjọ́ òpin tí wọ́n dá kọjá láìsí nǹkan kan. Ní igbó Shakahola ní Kenya, ní ọdún 2023, òkú tó ju irinwó lọ ni wọ́n hú jáde, òkú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè pàdé Jésù. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí ti Oǹdó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ọlọ́pàá sọ pé wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà pé òbí wọn nínú Olúwa nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Inú ìwé Éfésù, orí kẹfà, ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbọ́ ti òbí wọn, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Wọ́n wá yí i po, ó di ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ọmọ kúrò lára ìyá tó bí i. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti pa ẹ̀kọ́ wọn tì.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú Pọ́ọ̀lù rí. Ní Tẹsalóníkà, ẹnìkan ti sọ fún ìjọ pé ọjọ́ Olúwa ti dé. Àwọn kan wà láàárín wọn tó ń rìn ségesège, tí wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n ń jẹun káàkiri ilé ẹlòmíràn. Nínú ìwé kejì tí ó kọ sí wọn, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà wọ́n, ì báà ṣe nípa ẹ̀mí tàbí nípa lẹ́tà. Ó wá pàṣẹ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má jẹun. Jésù fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ka àwọn àmì tán, sọ ìtàn ìránṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ilé lé lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ rere inú ìtàn náà ni ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá tó ń fún àwọn ará ilé ní oúnjẹ wọn lásìkò.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 dé, ó pé ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹwàá sì tẹ̀lé e. Inú oṣù kẹsàn-án náà ni sáà ẹ̀kọ́ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀.